«Èmi Kò Tó Bẹ́ẹ̀»: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Àjàyí Crowther fún Àwa Ará Stockport

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ẹnu ara wa ni a ti máa ń gbọ́ ọ. Bí àlùfáà bá ní kí ọ̀kan nínú wa wá ka Bíbélì níwájú ìjọ, tàbí kí ó wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìjọ, tàbí kí ó máa kọ́ àwọn ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, èsì tó sábà máa ń jáde ni pé: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹlòmíràn, èmi kò tó bẹ́ẹ̀.» Òmíràn á ní òyìnbó kò ní gbọ́ ohùn òun. Òmíràn á ní òun kò kàwé tó. Òmíràn á ní àlejò kì í ṣe olórí ní ilé onílé.

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìrẹ̀lẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fọnnu láàárín ẹgbẹ́, a kì í kà á kún ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń ya aṣọ ìrẹ̀lẹ̀ wọ̀, tí kì í sì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀ rárá. Ìfòyà ni. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, ohun tí ẹni náà ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí a wò. Onírẹ̀lẹ̀ á ní òun kò tó bẹ́ẹ̀, á bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́, á sì dìde lọ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìfòyà so mọ́lẹ̀ á sọ ọ̀rọ̀ kan náà, á sì padà jókòó. Mósè ní ahọ́n òun wúwo, Gídíónì ní ilé baba òun ló kéré jù, Jeremáyà ní ọmọdé ni òun. Síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dìde. Èyí ni ó mú kí a yẹ ìtàn ọmọ Yorùbá kan wò, ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí níṣojú àwọn alágbára Ìlú Ọba, tí ó sì dìde. Samuel Àjàyí Crowther ni.

Ilẹ̀ tí a dúró lé

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Crowther, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a dúró lé. Ìlú òwú àti ìlú fìlà ni Stockport láyé àtijọ́. Ní 1784 ni wọ́n dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi Stockport sílẹ̀. Nígbà tó di 1805, wọ́n kọ́ ilé ńlá kan fún un, ilé tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn lágbàáyé tó tóbi tó o. Àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe ọmọ olówó. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú ní gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, tí kò sí ọjọ́ mìíràn tí wọ́n lè fi kàwé ju Ọjọ́ Ìsinmi lọ.

Láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́lá kan wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n gbà pé kò yẹ kí ọmọ tálákà mọ ìwé kọ, nítorí pé bí ó bá mọ̀ ọ́n, kò ní fẹ́ wà ní ipò rẹ̀ mọ́. Àwọn onísìn kan náà sì ń jiyàn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a máa kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ lọ́jọ́ Olúwa. Àwọn ará Stockport kò gbọ́ ti gbogbo ìyẹn. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n wó ilé náà, kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé kì í ṣe àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n sọ fún rí pé ìwé kì í ṣe tiwa. Wọ́n sọ ọ́ fún àwọn òyìnbó tálákà ìlú yìí pẹ̀lú.

Okùn kan tún wà tó so agbègbè yìí mọ́ ilẹ̀ wa, òwú ni. Òwú tí wọ́n ń ran ní Stockport àti ní Manchester, ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú ní gúúsù Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní bíi 1850 sí 1860, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú kan ní Manchester, bá Henry Venn, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí àwọn ará Abẹ́òkúta lè máa gbin òwú tà fún Manchester. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Robbin wá sí Manchester láti kọ́ iṣẹ́ òwú, kí ó lè lọ ṣe é ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, òwú dáwọ́ dúró, ebi sì pa àwọn òṣìṣẹ́ Stockport gidigidi. Àárín ọdún ìyà òwú yìí gan-an, ní 1864, ni ọmọ Yorùbá kan di bíṣọ́ọ̀bù. Venn tó ń wá òwú Abẹ́òkúta náà ló rọ̀ ọ́ títí tí ó fi gbà.

Ẹ̀rù ọmọdé

Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí Àjàyí, ní nǹkan bí 1806 sí 1809. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó ìlú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, tí wọ́n tún dá a padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1837 nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó jẹ́wọ́ pé ìbànújẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbìyànjú nígbà púpọ̀ láti gba ẹ̀mí ara òun. Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, ta ni yóò sọ fún un pé ó ju ẹṣin lọ?

Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ọmọdé sínú ọkọ̀ ogun náà. Nígbà tí wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n rí ẹran kan tí a so rọ̀ tí awọ rẹ̀ funfun, wọ́n sì rí àwọn ọta ìbọn ńláńlá tí a tò jọ. Wọ́n rò pé ẹran ènìyàn ni èyí tí a so rọ̀, wọ́n sì rò pé orí ènìyàn ni àwọn ọta náà. Ẹ̀rù ba wọn dé egungun. Ṣùgbọ́n Àjàyí sọ pé nígbà tí àwọn sún mọ́ ọn wò dáadáa, àwọn rí i pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, irin sì ni àwọn ọta ìbọn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ohun tí ó dẹ́rù bà wọ́n kò kúrò níbi tí ó wà. Ẹni tó ń wò ó ló sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ohun tí a kà sí òkè tí a kò lè gùn nínú ìjọ ilẹ̀ yìí. Láti ẹ̀yìn ni a ti ń wò ó. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí i pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lásán ni.

Nígbà tí ọmọ náà dé Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní oṣù Kejìlá 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay ní Freetown. Kò sì gbé orúkọ Àjàyí jù sílẹ̀ títí ó fi kú.

Ohùn tó kọ́kọ́ lọ́ tìkọ̀

Ní 1841, Crowther bá ìrìn àjò Odò Ọya lọ. Nínú òyìnbó 145 tó bá ìrìn àjò náà lọ, nǹkan bí 130 ni ibà kọ lù, nǹkan bí 40 sì kú. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá rí i pé òyìnbó nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ní 1843, bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù fi Crowther jẹ díákónì, ó sì tún fi í jẹ àlùfáà ní ọdún kan náà. Ó padà sí Sàró ní ìparí ọdún náà.

Nínú oṣù kìn-ín-ní 1844, wọ́n ní kí ó wàásù ní èdè Yorùbá fún àwọn Yorùbá tó wà ní Freetown. Ó ti wàásù ní Gẹ̀ẹ́sì rí, ọ̀nà náà kò ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n èdè abínibí rẹ̀ ni ó wá dúró níwájú rẹ̀ báyìí, ó sì sọ pé ó dàbí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni òun, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ó sọ ọ́. Nígbà tí ó parí, àwọn tó wà níbẹ̀ dáhùn pẹ̀lú ohùn kan pé: «Kí ó ṣẹ!»

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílẹ̀ yìí, ẹ máa rántí èyí nígbà tí ọmọ yín bá ń tijú láti fi Yorùbá kí àgbà, nítorí pé àwọn ọmọ tó kù rẹ́rìn-ín ohùn rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé gírámà Yorùbá náà ti tijú rí. Ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde ní 1843, gírámà rẹ̀ sì jáde ní 1852. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, èyí tí òun àti àwọn alájọṣiṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, Crowther kò sì fi ọwọ́ òsì júwe tirẹ̀. Èdè tí ó ti tijú sọ ni ó di irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà á nípa láti ọdún 25 sẹ́yìn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah.

Ní oṣù Kọkànlá 1851, wọ́n mú Crowther lọ sí ààfin Windsor láti sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ wa. Ó ń fi àwòrán ilẹ̀ han ọkọ Ọbabìnrin Victoria nígbà tí obìnrin kan wọlé tí ó sún mọ́ wọn, tí òun náà ń bi í ní ìbéèrè. Crowther dá a lóhùn láìfòyà, nítorí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ bí wọ́n ṣe pe obìnrin náà ní Kábíyèsí, ó wá mọ̀ pé Ọbabìnrin ni. Ó sọ pé òun gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, òun kò sì lè la ẹnu. Wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀, ó tún ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì ka Àdúrà Olúwa fún Ọbabìnrin ní èdè Yorùbá. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, ìgbà tí ó mọ ipò ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni ó dí. Ohun tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ wa kò dín kù rárá. Ẹ̀rù ipò ló dé.

Ìpè tí ó kọ̀

Venn ní ète kan tó jìn. Ó gbà pé ìjọ tó bá wà ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ lè darí ara rẹ̀, kí ó fi owó ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́, kí ó sì máa tan ìhìnrere ká fúnra rẹ̀. Nítorí ìdí èyí, ó fẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ó dábàá rẹ̀ fún Crowther, Crowther kọ̀. Ó ní òun kò yẹ fún ipò náà. Ó sì tún ronú nípa àwọn òyìnbó ajíhìnrere tí wọ́n ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta, bí wọ́n ṣe lè gbà kí òun ṣe olórí wọn. Venn kò jáwọ́. Ó rọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí baba ti í rọ ọmọ, títí Crowther fi gbà.

Ó dára kí a sọ òtítọ́ nípa ibi tí ìfòyà yẹn ti wá. Kì í ṣe inú Crowther nìkan ni ó ti wá. Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ní Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù láti 1851 láti ta ko kí a fi dúdú ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ó ní àwọn ènìyàn kò ní bọ̀wọ̀ fún dúdú bí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí a bá gbọ́ léraléra láti ẹnu ẹlòmíràn, ó máa ń pẹ́ kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa. Bí a bá ti ń fi ẹnu ara wa sọ ọ́, ó ti di tiwa nìyẹn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864, ní Kátídírà Canterbury, wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Áfíríkà nínú ìjọ Áńgílíkà. Balógun ọkọ̀ ogun tó gbà á kúrò lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú wà níbẹ̀. Obìnrin tó kọ́ ọ ní lẹ́tà A, B, D ní Sàró náà wà níbẹ̀. Ṣé a rí i bí ọ̀nà náà ti gùn? Ọmọ tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin ni wọ́n wá kúnlẹ̀ yí ká yìí.

Àmọ́ ẹ kíyè sí i: bí wọ́n ti pààlà agbègbè rẹ̀, wọ́n mú Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn kúrò nínú rẹ̀, kí àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ má baà wà lábẹ́ rẹ̀. Etí Odò Ọya ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, níbi tí kì í ṣe èdè rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Kò bá wọn jà nítorí ìyẹn. Ó lọ, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀, ó kó ọmọ ilẹ̀ jọ ṣe alábàáṣiṣẹ́. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀

A kò gbọdọ̀ parí ìtàn náà síbi tí ó ti dùn. Nígbà tí ó di ọdún 1880 sókè, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tuntun dé, wọn kò sì gbà pé àwọn ọmọ ilẹ̀ lè darí ìjọ. Ní oṣù kẹjọ 1890, nígbà ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, wọ́n dá àwọn àlùfáà rẹ̀ kan dúró níṣojú rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà náà fi ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nǹkan bí 60 ọdún sì kọjá kí ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tó tún di bíṣọ́ọ̀bù tó ni agbègbè tirẹ̀.

Àwọn kan lè wá sọ pé: «Ẹ ò rí i, ó dára kí ó dúró sí ibi tí ó ti sọ pé òun kò tó bẹ́ẹ̀.» A kò gbà. Okùn méjì ló wà, ẹ má jẹ́ kí a da wọ́n pọ̀. Okùn kan ni èyí tí ẹlòmíràn fi so wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ni. Okùn kejì ni èyí tí a fi so ara wa. Ọwọ́ ara wa ló wà. Okùn kejì yìí ni Crowther tú kúrò lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi so ó láti òde kò lè pa ohun tí ó ti ṣe rẹ́. Bíbélì Yorùbá wà. Gírámà wà. Dandeson ọmọ rẹ̀ darí Ìjọ Dẹ́ltà Odò Ọya, tó dá dúró fúnra rẹ̀ láti 1892. Ní 1893, wọ́n fi Isaac Olúwọlé àti Charles Phillips, ọmọ Yorùbá méjì, jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ̀ láti dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1888 ni àwọn onírìbọmi kan ní Èkó ya ara wọn kúrò, tí wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ní 1891 ni ìjọ United Native African bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà David Brown Vincent fi orúkọ òyìnbó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Mojọlá Àgbébí. Ní 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé 20 ọdún, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Séráfù àti Kérúbù sílẹ̀ pẹ̀lú Moses Orímọládé ní Èkó. Àwọn yìí kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ṣé àwọn tó bẹ́ẹ̀. Ìrandíran wọn náà sì dé ilẹ̀ yìí: ní 1964, Adélékè Adéjọbí bẹ̀rẹ̀ ìjọ Olúwa Aládùúrà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Stockport nínú ìtàn yìí

Ìtàn yìí tún padà wá sí ìlú tí a ń gbé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby tó jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà ṣe ìsìn ìrántí ní Canterbury, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọ ṣẹ̀ sí Crowther. Nínú oṣù keje ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ yìí dìbò pé obìnrin lè jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 2012, ìbò náà kò tíì tó. Ní oṣù Kejìlá 2014, ní Gbọ̀ngàn Ìlú Stockport, wọ́n kéde pé Libby Lane, àlùfáà Hale àti Ashley, ni yóò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Stockport, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ náà ba òun lẹ́rù díẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ Crowther náà ni.

Ọwọ́ ta ni wọ́n gbé lé e lórí ní York ní ọjọ́ 26 oṣù kìn-ín-ní 2015? Ọwọ́ John Sentamu, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù York nígbà náà, ọmọ Uganda, adájọ́ tó sá kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà Idi Amin. Ọkùnrin kan dìde nínú ìsìn náà láti ta kò ó, ìsìn náà kò sì dúró. Ní 2019, Bíṣọ́ọ̀bù Lane lọ sí Derby, ó sì fi Stockport sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìlú yìí ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wọ ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ náà dáadáa. Ní ọdún 1864, àwọn òyìnbó ń bi ara wọn bóyá dúdú tó láti darí wọn. Ní ọdún 2015, ọmọ Áfíríkà ni ó gbé ọwọ́ lé obìnrin òyìnbó lórí kí ó lè darí ìjọ ní Stockport. Ẹni tí wọ́n ní kò tó bẹ́ẹ̀ lánàá ló ń sọ fún ẹlòmíràn lónìí pé, «Ìwọ tó bẹ́ẹ̀.»

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Kí ni a ó wá ṣe? Ohun mẹ́ta ni a rí nínú ìtàn yìí tó lè wúlò fún wa.

Èkíní, kí a sún mọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà wá. Ẹni tí wọ́n bá pè láti ka Bíbélì, kí ó lọ kà á. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ayé kò ní pa rẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè sí ìgbìmọ̀, kí ó lọ jókòó fún oṣù mẹ́ta kí ó tó sọ pé òun kò tó.

Èkejì, kí a wá Venn tiwa, kí a sì di Venn fún ẹlòmíràn. Crowther kò dìde fúnra rẹ̀ nìkan. Ẹnì kan rọ̀ ọ́, tí kò sì jẹ́ kí ó sinmi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ìjọ. Ẹ dárúkọ wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ rí i lára wọn.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe dúró títí tí àwọn ènìyàn yóò fi gba tiwa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí Crowther bá dúró de Townsend, kò ní gbé iṣẹ́ kankan ṣe. Àwọn kan yóò ta kò wá, òmíràn yóò sì pààlà fún wa bí wọ́n ti pààlà fún un. Ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Kí àwa má ṣe bá wọn pààlà náà fún ara wa.

Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Wọn kò sọ pé kí ó kọ́kọ́ di àgbà ná. Wọ́n ní kí ó wẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì wá sídìí oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a wẹ ọwọ́ wa, kí a sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa pé àwọn náà ní àyè ní tábìlì yìí. Olúwa yóò fún wa ní okun àti ìgboyà. Kí ó ṣẹ o.